Rírán Kọ̀ǹpútà Níṣẹ́ Nínú Òwò Wa

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan láti ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀n sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́, ní gbọ̀ngàn ìlú)

 

Nígbà tí Akọ̀wé wa kọ̀wé sí mi, ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìránṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń bá oníṣòwò wá ìròyìn kiri, tí wọ́n sì ń bá a tọ́jú rẹ̀. Ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi pẹ̀lú. Ó ní ẹnìkan ti wá bá ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ pé òun yóò ta irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wa, pé bí a bá ti rà á tán, a kò ní ṣe wàhálà mọ́ nípa iye owó kòkó, nípa ọjà àti nípa òfin ìjọba. Ìpàdé yìí ni yóò sì pinnu bóyá kí a fi owó àpò ẹgbẹ́ rà á tàbí kí a má rà á. Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé nínú ọ̀ràn kọ̀ǹpútà. Oníṣòwò ni mí, oúnjẹ ilé wa ni mo ń tà ní Lọ́ńdọ̀n. Ṣùgbọ́n mo ti ń rán àwọn ìránṣẹ́ wọ̀nyí níṣẹ́ fún ọdún díẹ̀. Wọ́n ti ṣe mí láǹfààní, wọ́n sì ti mú mi pàdánù. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín kí ẹ tó dìbò.

OHUN TÍ ÌRÁNṢẸ́ YÌÍ JẸ́

Kí n tó sọ ti kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá mi, tí púpọ̀ nínú yín mọ̀. Alájàpá ni. Bí ọjà bá ku ọ̀la, yóò jí mi kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò ní, "Lọ wo ọjà fún mi." Ìkìlọ̀ mẹ́ta ni ó máa ń ṣe fún mi. Ó ní kí n má ṣe béèrè lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo, kí n béèrè lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta. Ó ní kí n fi ojú ara mi wo kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gàrí, nítorí kóńgò kan lè fẹ̀ ju èkejì lọ. Ó ní kí n má sọ ẹni tí ó rán mi. Nígbà tí mo bá padà dé, yóò bi mí pé, "Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" Bí ọ̀rọ̀ mi bá fìdí múlẹ̀, yóò mú èédú, yóò fa ìlà sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìlà kan fún gbèsè oníbàárà kan, ìlà mìíràn fún iye tí ọjà wà. Ògiri yẹn ni ìwé owó rẹ̀. Kò kàwé, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tí ó rẹ́ ẹ jẹ rí.

Ìránṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ọmọ tí ìyá mi ń rán lọ wo ọjà. Ètò kan ni tí àwọn onímọ̀ kọ sínú kọ̀ǹpútà. A ó sọ ohun tí a ń fẹ́ fún un. Yóò lọ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé a ń dì í lọ́wọ́ mú. Yóò wo ibi púpọ̀ lórí ayélujára. Yóò ṣa èyí tí ó wúlò nínú èyí tí kò wúlò. Yóò padà wá jíṣẹ́, yóò sì tún kọ ọ́ sínú ìwé fún wa bí a bá fẹ́. Ẹni tí ó bá ń wá nǹkan fúnra rẹ̀ lórí ayélujára dà bí ẹni tí ó wọ ọjà lọ, tí ó ń rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ẹni tí ó ní ìránṣẹ́ jókòó sílé, ó ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ìránṣẹ́ náà lè lọ lónìí, kí ó tún lọ lọ́la àti lọ́túnla, kí a má sì rán an létí.

Àwọn Òyìnbó ń pè é ní ajẹ́ńtì. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin àgbà tí ẹ ṣòwò kòkó ní ayé àwọn Marketing Board, nítorí ajẹ́ńtì ni a ń pe àwọn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti bá Board ra kòkó. Ẹ mọ̀ pé ajẹ́ńtì rere wà, ẹ sì mọ̀ pé èyí tí ń fi ọwọ́ tẹ òṣùwọ̀n wà pẹ̀lú. Ẹ fi ìmọ̀ yẹn sọ́kàn bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

BÍ WỌ́N ṢE BẸ̀RẸ̀

Nǹkan yìí kì í ṣe tuntun tó bí àwọn tí ń tà á ti ń sọ. Ní ọdún 1994, ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pattie Maes, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, kọ nípa àwọn ìránṣẹ́ tí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ṣe láti máa bá ènìyàn to lẹ́tà, láti máa fi àdéhùn ìpàdé sọ́jọ́, àti láti máa ṣa ìròyìn. Ó ní ọ̀nà mẹ́rin ni irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gbà kọ́ iṣẹ́. Ó lè máa wo ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ń ṣe. Ọ̀gá lè yìn ín tàbí kí ó bá a wí. Ọ̀gá lè fi àpẹẹrẹ hàn án. Ó sì lè béèrè lọ́wọ́ ìránṣẹ́ mìíràn tí ó ti mọ iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ gba ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rí, ǹjẹ́ ọ̀nà karùn-ún kan wà?

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ obìnrin yìí ni ààlà méjì tí ó fi lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ìránṣẹ́ náà máa ń wọn bí ohun tí ó fẹ́ ṣe ti dá a lójú tó. Bí kò bá fi bẹ́ẹ̀ dá a lójú, yóò dákẹ́. Bí ó bá ti kọjá ààlà kìíní, yóò sọ èrò rẹ̀ fún ọ̀gá, ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ kan nǹkan. Ó di ìgbà tí ó bá kọjá ààlà kejì kí ó tó ṣe é láìbéèrè. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni ó ń fa ààlà méjèèjì, ó sì lè sún wọn bí ìgbẹ́kẹ̀lé bá ti ń pọ̀ sí i. Èyí kò yàtọ̀ sí bí a ti ń tọ́ ọmọ. Ọmọ ọdún méje lè lọ ra iyọ̀ láìbéèrè, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ta ewúrẹ́ bàbá rẹ̀.

Ní ọdún 1995, ilé iṣẹ́ Andersen Consulting gbé ìránṣẹ́ kan jáde tí wọ́n pè ní BargainFinder. Bí ènìyàn bá dárúkọ àwo orin kan, yóò lọ wo iye tí oríṣiríṣi ilé ìtajà orí ayélujára ń tà á, yóò sì kó gbogbo rẹ̀ wá síbi kan kí olówó lè yan èyí tí ó dín. Kò pẹ́ tí àwọn kan nínú àwọn ilé ìtajà náà fi sé ọ̀nà mọ́ ọn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Ẹni tí èrè rẹ̀ wà nínú pé oníbàárà kò mọ iye tí aládùúgbò ń tà kì í fẹ́ rí ọmọ tí a rán wá wo ọjà.

Láti ìgbà náà títí di òpin ọdún 2022, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwọn tí ó mọ èdè kọ̀ǹpútà nìkan ni ó lè rán wọn níṣẹ́ dáadáa. Nínú oṣù kọkànlá ọdún náà ni ChatGPT jáde, lẹ́yìn rẹ̀ ni irú rẹ̀ sì pọ̀. A lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu wa lásán rán ìránṣẹ́ níṣẹ́ báyìí. Kódà wọ́n gbọ́ Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù ú lọ dáadáa.

ÀǸFÀÀNÍ TÍ Ó WÀ FÚN WA

Ẹ jẹ́ kí a mú ti kòkó, nítorí òun ni ó kọ́ ilé tí ó pọ̀ jù nínú ìlú yìí. Láti ọdún 1947 tí wọ́n ti dá Cocoa Marketing Board sílẹ̀ títí di ọdún 1986 tí ìjọba fi òpin sí irú àwọn Board bẹ́ẹ̀, ìjọba ni ó ń kéde iye tí àgbẹ̀ yóò gbà. Iye náà lè má tó, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n. Láti ọdún 1986, ọjà ni ó ń sọ iye, ẹni tí ó bá sì mọ ohun tí ọjà sọ ni ó ń jèrè.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tọ́ọ̀nù kòkó kan kò tó 3,000 dọ́là ní ọjà New York. Nínú oṣù kejìlá ọdún 2024, ó ti kọjá 12,000 dọ́là. Kí ọdún 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀, kò tó ìdajì iye yẹn mọ́. Nínú oṣù kẹfà ọdún 2023 kan náà ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu, tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Iye méjì ni ó ń yí lẹ́ẹ̀kan náà, iye kòkó àti iye owó wa. Àgbẹ̀ tí ó wà ní abúlé, tí ẹnìkan ṣoṣo ń wá rà á lọ́wọ́ rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ta kòkó rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ní iye tí oníbàárà rẹ̀ dá lé e, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún, nítorí ó ju ti èṣí lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn èyí ni ó tó gbọ́ iye tí wọ́n ń rà á ní ìlú kejì sí wa. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó kàn dákẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀ ni.

Ìṣirò náà kò le. Bí àpẹẹrẹ, bí tọ́ọ̀nù kan bá jẹ́ 5,000 dọ́là, tí dọ́là kan sì jẹ́ 1,500 náírà, tọ́ọ̀nù náà jẹ́ 7,500,000 náírà. Kílò 1,000 ni ó wà nínú tọ́ọ̀nù, nítorí náà kílò kan jẹ́ 7,500 náírà ní èbúté òkè òkun. A ó yọ owó ọkọ̀, owó àpò, owó èbúté àti èrè àwọn tí ó wà láàrin kúrò. Ohun tí ó bá kù ni àgbẹ̀ lè béèrè fún láìtijú. Ìránṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà lè mú iye kòkó àti iye dọ́là wá ní gbogbo òwúrọ̀, kí ó ṣe ìṣirò náà, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sórí fóònù ní èdè Yorùbá kí àgbẹ̀ tó fọ ẹnu.

Ohun kejì ni òfin. Apá tí ó pọ̀ nínú kòkó Nàìjíríà ni ó ń lọ sí Yúróòpù. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan pé kòkó tí wọ́n gbìn sí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020 kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ wọn. Ẹni tí ń kó kòkó wọlé gbọ́dọ̀ lè fi hàn lórí àwòrán ilẹ̀ oko tí ó ti wá gan-an. Bí oko bá ju hẹ́kítà 4 lọ, ààlà rẹ̀ yíká ni a ó kọ sílẹ̀. Bí kò bá jù bẹ́ẹ̀, ojú kan ṣoṣo tó. Ìparí ọdún 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà. Wọ́n sún un sí ìparí ọdún 2025. Wọ́n tún sún un sí ìparí ọdún 2026 fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá àti alábọ́dé, àti àárín ọdún 2027 fún àwọn kékeré. Ẹ̀yin ará, mélòó nínú wa ni ó gbọ́ nípa òfin yìí lọ́wọ́ ẹni tí ń ra kòkó wa? Ìránṣẹ́ tí a bá fi ṣọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò sọ fún wa ní ọjọ́ tí wọ́n bá yí i padà.

Ohun kẹta ni ìtọ́jú. Wíwá ìròyìn nìkan kò tó. Bí a bá rí i tán tí a kò tọ́jú rẹ̀, òfo ni. Ní ìsọ̀ mi ní Lọ́ńdọ̀n, ìránṣẹ́ kan ni ó ń ka ìwé owó tí àwọn tí ń kó ọjà fún mi fi ránṣẹ́, ó ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀, ó ń rán mi létí ẹni tí ó jẹ mí lówó àti ẹni tí mo jẹ. Iṣẹ́ tí ń gbà mí ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú tẹ́lẹ̀ kò ju wákàtí kan lọ mọ́. Ògiri ìyá mi ni, àfi pé òjò kò lè pa á rẹ́.

BÍ MO TI PÀDÁNÙ

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí kò dùn ún sọ. Ní ọdún 2024, mo fẹ́ kó ẹja gbígbẹ láti ilé wá sí Lọ́ńdọ̀n. Mo rán ìránṣẹ́ mi pé kí ó bá mi wo ohun tí òfin Ìlú Ọba sọ nípa ẹja gbígbẹ tí a bá mú wá láti Nàìjíríà. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí ó fi padà dé. Èsì rẹ̀ gún régé, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán. Ó ní bí ẹja náà kò bá ti ju ìwọ̀n báyìí lọ, a kò ní béèrè ìwé ẹ̀rí. Inú mi dùn. Mo ní kí wọ́n di ẹrù náà sí páálí kéékèèké, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má baà ju ìwọ̀n náà lọ. Nígbà tí ẹrù dé ẹnubodè, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo rẹ̀, wọ́n sì dáná sun ún. Owó tí mo fi pamọ́ fún oṣù mẹ́rin bá a lọ.

Mo fi ìbínú padà sílé láti lọ wo ibi tí ìránṣẹ́ náà ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá. Ojú ewé ìjọba gan-an ni. Kò parọ́ rárá. Ṣùgbọ́n àkọlé ojú ewé náà wí pé ó wà fún èrò tí ó mú oúnjẹ ara rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé. Òfin ti ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ni ó mú wá fún mi, èmi sì fẹ́ tà á. N kò sọ fún un pé títà ni. N kò sì bi í pé, "Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" Bí mo bá ṣí ojú ewé yẹn fún ìṣẹ́jú kan péré, ǹ bá ti rí i ní ìlà kìíní.

Àwọn baba wa ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọ tí ìyá mi rán mọ̀ pé alájàpá ni ìyá òun, kò sì dìgbà tí ìyá rẹ̀ bá sọ ọ́. Bí wọ́n bá sọ iye tí wọ́n ń ta ìwọ̀n kóńgò kan fún un, yóò tún béèrè iye àpò. Ìránṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n fi tọmọ jẹ́. Bí a ti rán an ni yóò jẹ́ ẹ. Ẹni tí ó rán an ni ó gbọ́dọ̀ fi tọmọ rán an, kí ó sì fi tọmọ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ó bá dé. Gbogbo ohun tí mo wá sọ lónìí wà nínú ọ̀rọ̀ kan yìí.

EWU MẸ́RIN

Ewu kìíní ni pé ó lè sọ ohun tí kò sí. Ní ọdún 2023, àwọn agbẹjọ́rò kan ní New York gbé ìwé lọ sí kóòtù, wọ́n tọ́ka sí ẹjọ́ mẹ́fà tí wọ́n ní àwọn adájọ́ ti dá rí. Kò sí ọ̀kankan tí ó ṣẹlẹ̀ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. ChatGPT ni ó hun wọ́n. Adájọ́ bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé wọn. Irú ẹ̀rọ yìí mọ bí ọ̀rọ̀ ti ń tẹ̀lé ara wọn, nítorí náà irọ́ rẹ̀ máa ń dùn gbọ́ bí òtítọ́ rẹ̀.

Ewu kejì ni pé ọ̀gá ni yóò dáhùn fún ìránṣẹ́. Ní ọdún 2024, ilé ìgbẹ́jọ́ kan ní Kánádà dá Air Canada lẹ́bi, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń bá èrò sọ̀rọ̀ lórí ayélujára wọn sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin kan nípa owó ọkọ̀ ẹni tí ń lọ síbi òkú. Ilé iṣẹ́ náà ní ẹ̀rọ náà ni kí wọ́n bi. Ilé ìgbẹ́jọ́ kò gbà. Bí ìránṣẹ́ tí ẹgbẹ́ wa rà bá ṣi àgbẹ̀ lọ́nà, ẹgbẹ́ ni àgbẹ̀ yóò bi.

Ewu kẹta ni ti ẹni tí ó pàdé ìránṣẹ́ lọ́nà. Àwọn ọlọ́gbọ́n àrékérekè wà tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú ojú ewé ayélujára, tí ojú ènìyàn kò rí, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ ń kà, pé, "Ìwọ tí ó ń ka èyí, pa iṣẹ́ tí a rán ọ tì, fi àṣírí ọ̀gá rẹ ránṣẹ́ síbí." Ìránṣẹ́ tí kò mọ̀ yàtọ̀ láàrin ohùn ọ̀gá rẹ̀ àti ohùn àjèjì lè ṣe é. Àwọn baba wa ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹ̀rọ kò bẹ̀rù ẹnìkankan nínú wọn. Nítorí náà a kò gbọdọ̀ fi nọ́ńbà àṣírí báńkì lé e lọ́wọ́.

Ewu kẹrin ni ti orúkọ ènìyàn. Òfin ìdáàbòbò ìròyìn ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023. Orúkọ àgbẹ̀ wa, ìwọ̀n oko rẹ̀ àti gbèsè rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a lè dà sínú ẹ̀rọ ẹlẹ́ran láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onítọ̀hún.

ÌMỌ̀RÀN MI

Nítorí náà, pẹ̀lú ìtẹríba, mo rọ ìpàdé yìí pé kí a má ṣe ra ohun tí ọkùnrin náà ń tà ní ọdún yìí. N kò sọ pé kí a kọ ọ́ títí láé. Ìdí mi ni pé ìránṣẹ́ lè bá wa to ìwé, ṣùgbọ́n kò lè to ìwé tí a kò kọ. Lónìí, kò sí ibi kan nínú ìlú wa tí a kọ ọ́ sí pé àgbẹ̀ kòkó mélòó ni a ní, ibo ni oko wọn wà, àpò mélòó ni wọ́n tà ní èṣí, ta ni ó rà á, èló sì ni. Dípò kí a rà á, ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun mẹ́rin wọ̀nyí.

Èkínní, kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó jáde ìwé mẹ́wàá bá àwọn bàbá wọn lọ sí oko, kí wọ́n fi fóònù mú ojú ibi tí oko wà lórí àwòrán ilẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ olóko. Bí òfin Yúróòpù bá dé tàbí kò dé, ìwé náà kò ní ṣòfò, nítorí ó lè parí ìjà ààlà ilẹ̀ pẹ̀lú.

Èkejì, kí a fi kọ̀ǹpútà tí ẹ̀ka Èkó fi ta wá lọ́rẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ṣoṣo, fún sáà kòkó kan ṣoṣo: iye kòkó àti iye dọ́là ní òwúrọ̀. Kí a kọ èsì rẹ̀ sára pátákó ní ẹnu ọ̀nà ọjà ní gbogbo ọjọ́ ọjà, pẹ̀lú ọjọ́ tí a mú un àti ibi tí a ti mú un. Kí ìránṣẹ́ náà dúró sí ààlà kìíní, kí ó máa sọ, kí ó má ṣe rà, kí ó má sì ṣe tà.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka òkè òkun máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èmi fúnra mi yóò máa wo iye tí ó wà ní ọjà Lọ́ńdọ̀n lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, n ó sì máa fi í ránṣẹ́ sí Akọ̀wé láti fi wé ohun tí ẹ̀rọ sọ. N kò ní gba kọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ní ìpàdé ọdún tí ń bọ̀, kí a ṣí ìwé náà níwájú gbogbo ènìyàn, kí a wò ó bóyá iye tí àgbẹ̀ wa gbà súnmọ́ iye ọjà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a tún pe ọkùnrin náà, kí a bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Níbo ni ìránṣẹ́ rẹ ti ń mú ìròyìn wá? Ta ni ó ni ìwé tí a bá kọ sínú rẹ̀, àwa ni tàbí ìwọ? Bí ó bá ṣìnà, ta ni yóò san owó náà? Bí èsì rẹ̀ bá tẹ́ wa lọ́rùn, èmi ni n ó kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè pé kí a rà á.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìyá mi ti darúgbó báyìí, ó jókòó ní ọ̀ọ́kán yẹn láàrin àwọn ìyá ọlọ́jà. Nígbà tí mo dé láná, mo fi ìránṣẹ́ inú fóònù mi hàn án. Mo ní kí ó bi í ní ohun tí ó bá fẹ́. Ó bi í ní èló ni wọ́n ń ta gàrí. Ẹ̀rọ náà dá a lóhùn kíákíá. Ìyá mi wò mí, ó ní, "Kóńgò wo ni ó fi wọ̀n ọ́n?"

Ìbéèrè yẹn ni kí a máa bi í. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú wa ó máa tẹ̀síwájú, kí àwọn tí ó wà nílé àti àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi máa rí ara wọn ní àlàáfíà. Kí Kábíyèsí ó pẹ́ fún wa.